Láti Wídà dé Barbados: Ìtàn Wíwọn Eruku Ọyẹ́

Kò sí ọmọ Yorùbá tí kò mọ ọyẹ́. Bí ó bá ti di oṣù Kejìlá, ètè a máa là, awọ ara a máa funfun, òkè tí a ń wò lánàá a sì pòórá nínú kùrukùru. Eruku tí afẹ́fẹ́ gbé láti aṣálẹ̀ Sàhárà ni ó ń fa kùrukùru náà. Ìbéèrè tí a fẹ́ gbé yẹ̀ wò níhìn-ín ni èyí: ǹjẹ́ bí eruku ti rí nígbà tí ó gbéra ní aṣálẹ̀ náà ni ó ṣe ń rí nígbà tí ó bá gúnlẹ̀ ní òkèèrè? Ó lé ní igba ọdún kí àwọn onímọ̀ tó rí ìdáhùn tí ó dúró re, nítorí pé ìbéèrè náà kọjá ohun tí ẹlẹ́rìí kan ṣoṣo lè dáhùn.

Ní ọdún 1781, oníṣègùn kan ní Liverpool, Matthew Dobson, kọ àpilẹ̀kọ nípa ọyẹ́ sínú ìwé ìròyìn Royal Society ti Lọ́ńdọ̀nù. Norris, oníṣòwò ẹrú tí ó mọ Wídà àti Dàhòmì, ni ó ròyìn fún un. Norris ní eruku náà a máa bà lé ewé àti koríko, a sì máa mú kí awọ àwọn ènìyàn dúdú funfun. Ó fi kún un pé bí a bá ti wọ inú òkun ní máìlì méjì tàbí mẹ́ta, kùrukùru náà a fúyẹ́, àti pé ní nǹkan bíi máìlì 15, kò sí mọ́ rárá. Ohun tí ó sọ nípa etíkun bá èyí tí àwa náà ń rí mu. Ṣùgbọ́n ojú lásán ni ó fi wọn òkun, ohun tí ojú rẹ̀ kò sì rí mọ́ ni ó kà sí ohun tí ó ti tán. Àwọn tí ó rí eruku lára wọn kò sì ní ohùn kankan nínú ìwé náà.

Ní oṣù Kìíní ọdún 1832, bí ọkọ̀ Beagle ti ń súnmọ́ Porto Praya ní erékùṣù Cape Verde, Charles Darwin gbọn eruku pupa rúsúrúsú kúrò lára aṣọ fẹ́lẹ́fẹ́lẹ́ tí ń tọ́ka ọ̀nà afẹ́fẹ́ ní orí òpó ọkọ̀. Nígbà tí ó yá, ó fi ìdì eruku márùn-ún ránṣẹ́ sí Ọ̀jọ̀gbọ́n Ehrenberg ní Jámánì, ẹni tí ó rí oríṣi ohun ẹlẹ́mìí tíntìntín 67 nínú wọn. Omi odò àti adágún ni ó fẹ́rẹ̀ẹ́ jẹ́ ibùgbé gbogbo wọn. Nínú àpilẹ̀kọ Darwin ti ọdún 1846, ó yà á lẹ́nu pé hóró òkúta tí fífẹ̀ rẹ̀ ju ìdá kan nínú ẹgbẹ̀rún ínǹṣì lọ wà nínú eruku tí ó bà lé ọkọ̀ ní 300 máìlì sí ilẹ̀. Ehrenberg kò rí èyíkéyìí nínú àwọn ohun ẹlẹ́mìí tí ó mọ̀ mọ ilẹ̀ Áfíríkà nínú eruku náà, síbẹ̀ ọ̀nà afẹ́fẹ́ àti àsìkò ọyẹ́ mú kí Darwin gbà pé Áfíríkà ni ó ti wá. Lónìí a mọ̀ pé Bodélé ní ilẹ̀ Chad, ọ̀kan nínú orísun eruku tí ó tóbi jù lọ láyé, jẹ́ ìsàlẹ̀ adágún àtijọ́ tí ó kún fún ìkarahun irú àwọn ohun ẹlẹ́mìí omi bẹ́ẹ̀.

Ní ọdún 1965, Joseph Prospero àti àwọn ẹlẹgbẹ́ rẹ̀ bẹ̀rẹ̀ sí wọn eruku ní Barbados, tí ó jìnnà sí etíkun Áfíríkà ju 4,000 kìlómítà lọ. Ọ̀nà tí wọ́n wá ń gbà ni pé wọ́n ń fi asẹ́ bébà gba eruku inú afẹ́fẹ́, wọ́n ń fi omi fọ iyọ̀ òkun kúrò, wọ́n ń sun asẹ́ náà, wọ́n sì ń wọn eérú tí ó kù. Eérú yìí ni ó fi hàn pé nígbà ọ̀dá ilẹ̀ Sahel ní ọdún 1970 sí 1990, eruku tí ń dé Barbados pọ̀ sí i gidigidi.

Síbẹ̀, ohun tí ó dé nìkan ni Barbados lè jẹ́rìí sí. Agbẹ́jọ́ ẹnìkan dá, àgbà òṣìkà ni. Ní ọdún 2003, Hal Maring àti àwọn ẹlẹgbẹ́ rẹ̀ fi eruku tí wọ́n wọ̀n ní Izaña, ní erékùṣù Canary, wé ti Puerto Rico. Bí a bá pín mìlímítà kan sí ọ̀nà 1,000, hóró tí fífẹ̀ rẹ̀ ju ìpín 7 lọ ni ó ń dín kù lójú ọ̀nà. Ètò àwọn tí ó kéré jù bẹ́ẹ̀ kò yí padà. Ṣùgbọ́n bí ó bá jẹ́ pé ìwúwo nìkan ni ó ń ṣiṣẹ́, èyí tí ó yẹ kí ó bọ́ sílẹ̀ ìbá pọ̀ jù bẹ́ẹ̀. Ní ọdún 2018, Michèlle van der Does àti àwọn ẹlẹgbẹ́ rẹ̀ ròyìn pé wọ́n rí hóró tí ó fẹ́rẹ̀ẹ́ tó ìdajì mìlímítà láàrin òkun, ní 2,400 sí 3,500 kìlómítà sí etíkun wa. Bákan náà, iyọ̀ òkun àti ásíìdì inú afẹ́fẹ́ lè lẹ̀ mọ́ ara hóró, kí wọ́n sì yí ìwà rẹ̀ padà.

Ìyípadà yìí kì í dúró de òkun. Ní ọdún 1998, a gbé ẹ̀rọ tí ń wọn ìmọ́lẹ̀ oòrùn kalẹ̀ ní Ìlọrin, gẹ́gẹ́ bí apá kan ètò AERONET. Ẹ̀rọ náà jẹ́ kí a rí i pé nígbà ẹ̀ẹ̀rùn, eruku aṣálẹ̀ a máa pàdé èéfín igbó tí a sun. Àdàpọ̀ méjèèjì ni ó ń bo ojú ọ̀run wa. Ìdí nìyí tí àkọsílẹ̀ ti apá ọ̀dọ̀ wa kò fi gbọdọ̀ já. Àwa ni a ń kọ́kọ́ mí eruku yìí sínú kí ó tó di eérú orí asẹ́ ní Barbados. Norris ti jẹ́rìí fún wa rí, ojú rẹ̀ kò sì kọjá máìlì 15. Ó yẹ kí ẹ̀rí apá ìhín wá láti ọwọ́ àwọn tí ń gbé ìhín.