Láti Òkúta Ìbọn dé Práímà: Ìtàn Ọ̀wọ́n àti Ewu Fífi Ọ̀kan Dípò Èkejì

Ìfáàrà

Àwọn àgbà bọ̀, wọ́n ní ohun tó jọ ohun la fi ń wé ohun. Èèpo ẹ̀pà ló jọ pósí ẹ̀lírí. Ṣùgbọ́n ẹ̀yin akẹ́kọ̀ọ́ wa, ṣé nítorí pé èèpo ẹ̀pà jọ pósí, a wá lè sin òkú ènìyàn sínú rẹ̀? Ìbéèrè yìí ni mo fẹ́ fi wo ìtàn nǹkan kékeré kan tí kò tóbi ju ẹyọ ẹ̀wà kan lọ, tó wà nídìí ọta ìbọn òde òní. Práímà ni wọ́n ń pè é. Bí ẹ bá ní kí n ṣàlàyé rẹ̀ ní èdè wa, ìṣáná inú ọta ni. Irin ìbọn á gbá a, á tan iná, iná á ran ẹ̀tù, ẹ̀tù á sì ti òjé jáde.

Ní Amẹ́ríkà níbí, ọ̀pọ̀ ọdẹ àti àwọn tó ń fi ìbọn ṣeré ìdárayá ló ń tún ọta ara wọn dì. Wọ́n á ṣa apo idẹ tí wọ́n ti yìn, wọ́n á fi práímà, ẹ̀tù àti òjé tuntun sí i. Nígbà tí ọ̀wọ́n bá dé, ìbéèrè kan ló máa ń jáde: èyí tí mò ń lò ti tán, ṣé tọ̀hún ò lè ṣe é? Ìtàn á fi hàn wá pé bí ìbọn ṣe ń gòkè sí i ni ìdáhùn ìbéèrè náà ń le sí i.

Ayé òkúta

Ẹ jẹ́ ká bẹ̀rẹ̀ láti orí ìbọn ṣakabùlà tí àwọn baba wa mọ̀ dáadáa. Òkúta ló máa ń gbá irin, tí ẹ̀ta iná á jáde, tí á bọ́ sínú ẹ̀tù díẹ̀ tó wà lẹ́gbẹ̀ẹ́ ìbọn. Bí òkúta bá yó, ọdẹ á wá òkúta líle mìíràn. Bí ìyẹn náà kò bá dára, ohun tó sábà máa ń ṣẹlẹ̀ ni pé ìbọn kò ní dún, ẹran á sì sá lọ. Òkúta kì í fi kún agbára ẹ̀tù, kì í sì í dín in kù. Nítorí náà, fífi òkúta kan dípò èkejì kò le.

Àlùfáà ìjọ Presbyterian kan ní Scotland, Alexander John Forsyth, tó tún jẹ́ ọdẹ, ni ìtàn yí padà lọ́wọ́ rẹ̀. Ohun tó ń bí i nínú ni pé àwọn ẹyẹ máa ń rí iná ẹ̀gbẹ́ ìbọn, wọ́n á sì ti sá kí ọta tó dé. Ní 1807 ó gba ìwé àṣẹ lórí ọgbọ́n tuntun: ó lo èròjà tó máa ń gbiná fúnra rẹ̀ bí wọ́n bá ti gbá a. Nígbà tó di àwọn ọdún 1820, wọ́n ti ń kó irú èròjà bẹ́ẹ̀ sínú bàbà kékeré bíi fìlà.

Ọkùnrin méjì, ọ̀nà méjì

Ní 1866, ọ̀nà pín sí méjì. Edward Boxer, ọ̀gágun tó ń ṣiṣẹ́ ní Woolwich ní London, ṣe práímà tí gbogbo ohun èlò rẹ̀ wà nínú ara rẹ̀. Ihò kan ṣoṣo ni iná rẹ̀ ń gbà wọlé láàárín ìdí apo ọta. Ti Hiram Berdan, ọmọ Amẹ́ríkà, yàtọ̀: ara apo ọta ni irin kékeré tí práímà ń forí gbá wà, ihò méjì ló sì sábà máa ń wà níbẹ̀. Ohun tó pa mí lẹ́rìn-ín ni pé ti ará Amẹ́ríkà ló gbilẹ̀ ní Yúróòpù, ti ará Gẹ̀ẹ́sì ló sì gbilẹ̀ ní Amẹ́ríkà. Ihò àárín ti Boxer yìí ló jẹ́ kó rọrùn láti fi irin tẹ́ẹ́rẹ́ ti práímà tó ti jó jáde, kí a sì fi tuntun sí i. Àwọn méjèèjì jọra lójú, ṣùgbọ́n ẹ ò lè fi ọ̀kan sínú ilé èkejì.

Kírìjí

Ọgbọ́n Boxer yìí dé ilẹ̀ Yorùbá. Nínú ogun Kírìjí (1877 sí 1893), àwọn Èkìtìparapọ̀, tí Ògèdèngbé Iléṣà jẹ́ ọ̀gágun wọn, rí ìbọn Snider gbà láti ọwọ́ àwọn ọmọ wọn tó wà ní Èkó. Láti ìdí ni wọ́n ti ń ki ọta bọ̀ ọ́, ọta Boxer ló sì ń jẹ. Ṣakabùlà ló pọ̀ jù lọ́wọ́ àwọn ọmọ ogun Ìbàdàn lábẹ́ Ààrẹ Látòósà, ìyà sì jẹ wọ́n gan-an. Wọ́n ní ìró ìbọn wọ̀nyẹn ló fún ogun náà ní orúkọ.

Ṣùgbọ́n ẹ wo apá kejì ọ̀rọ̀ náà. Oní-ṣakabùlà lè yọ òkúta, ó sì lè ki ègé irin bí òjé bá tán. Oní-Snider kò ní irú àǹfààní bẹ́ẹ̀. Práímà kì í ṣe ohun tí alágbẹ̀dẹ lè fi òòlù àti ewìrì rọ. Bí ọ̀nà Èkó bá dí, ìbọn olówó ńlá á di ọ̀pá. Ìdí nìyí tí ọ̀nà òwò fi ṣe pàtàkì nínú ogun náà bí akíkanjú ti ṣe pàtàkì.

Ọ̀wọ́n Amẹ́ríkà

Ní Amẹ́ríkà, ilé-iṣẹ́ tó ń ṣe práímà kò pọ̀: CCI, Federal, Winchester àti Remington ni orúkọ tí gbogbo ènìyàn mọ̀. Lẹ́yìn ìpànìyàn ilé-ẹ̀kọ́ Sandy Hook ní Oṣù Kejìlá 2012, àwọn ènìyàn bẹ̀rù òfin tuntun, wọ́n rà á tán lórí àtẹ. Ní 2020, nígbà kòrónà, ó tún le ju bẹ́ẹ̀ lọ. Lọ́dún náà, iye ìgbà tí wọ́n bi FBI léèrè nípa ẹni tó fẹ́ ra ìbọn lé ní mílíọ̀nù 39, lóòótọ́ kì í ṣe iye ìbọn tí wọ́n tà nìyẹn. Àwọn tó ń di ọta wá bẹ̀rẹ̀ sí í wo ohun tó bá wà nílẹ̀.

Ibí yìí ni èèpo ẹ̀pà ti ń tan ènìyàn. Práímà ńlá ti ìbọn gígùn àti ńlá ti ìbọn ìléwọ́ fẹ̀ bákan náà, íǹṣì 0.210, àwọn kékeré méjèèjì sì jẹ́ íǹṣì 0.175. Ṣùgbọ́n ńlá ti ìbọn gígùn ga ju ìkejì rẹ̀ lọ. Bí wọ́n bá fi sínú apo ọta ìléwọ́, ó lè yọrí síta, kí ìbọn sì yìn láìròtẹ́lẹ̀ bí ìdí rẹ̀ bá pa dé. Bàbà ti ìléwọ́ sábà máa ń fẹ́lẹ́; bí wọ́n bá fi sínú ọta ìbọn gígùn, agbára iná lè lu ú, kí afẹ́fẹ́ gbígbóná sì padà sójú ẹni tó mú ìbọn. Èyí tí wọ́n ń pè ní mágínọ́ọ̀mù ní tirẹ̀, iná rẹ̀ gbóná jù. Ẹ̀tù tí kò pọ̀ jù tẹ́lẹ̀ lè wá pọ̀ jù. Kódà bí irú bá jẹ́ ọ̀kan, ti ilé-iṣẹ́ kan kì í ṣe bákan náà pẹ̀lú ti òmíràn.

Ohun tí àwọn ìwé ìtọ́ni ilé-iṣẹ́ wá ń wí kò ṣòro: má ṣe fi ti ìléwọ́ dípò ti ìbọn gígùn. Bí o bá pààrọ̀ práímà sí òmíràn nínú irú kan náà, padà sí ìwọ̀n ẹ̀tù ìbẹ̀rẹ̀ tí ìwé tẹ̀ jáde, kí o máa gòkè díẹ̀díẹ̀, kí o sì máa yẹ apo ọta wò. Bí ìwé kò bá fọwọ́ sí i, dúró títí ọjà á fi dé.

Àgbálọgbábọ̀

Láyé òkúta, àṣìṣe pípààrọ̀ kì í sábà ju kí ẹran sá lọ. Láyé práímà, ohun tó ń tan iná ti di ara agbára ìbọn fúnra rẹ̀, ojú àti ọwọ́ ènìyàn ló sì lè bá àṣìṣe lọ. Ẹ̀yin tó ń ṣèwádìí lórí ogun Kírìjí, ẹ má ka iye ìbọn nìkan. Ẹ bi ara yín pé: ta ló ń tan iná rẹ̀, ibo ló ti ń wá, kí ló sì ń ṣẹlẹ̀ nígbà tí kò bá dé mọ́?