nù

(ọ̀rọ̀-ìṣe agbàbọ̀) Láti fi aṣọ tàbí ọwọ́ mú omi tàbí ìdọ̀tí kúrò lára nǹkan. Ohùn ìsàlẹ̀ rẹ̀ a máa di ohùn àárín bí ọ̀rọ̀-orúkọ bá jẹ́ àbọ̀ rẹ̀: nu ojú, nu tábìlì, ṣùgbọ́n mo nù ún. Inú rẹ̀ ni ìnura ti wá. Nù tí ó wà nínú sọnù yàtọ̀. Òun kì í gba àbọ̀.

Ìlò: Ìlànà ìtọ́jú tábìlì olóje ẹpọ́sì ni ó máa ń dán atúmọ̀ wò. (Oje yìí kì í ṣe ti igi, omi méjì ni a pò pọ̀ títí ó fi le.) Ẹni tí ó bá kọ kin ti rán òǹkàwé lọ mú kàn-ìn-kàn-ìn, nítorí ẹ̀yìn àti ara ni a ń kin. Ewé eépín, tí a fi ń mú kí igi àti igbá jọ̀lọ̀, kò sì ṣe é lò níhìn-ín: ohun tí ó tún igbá fínfín Ọ̀yọ́ ṣe yóò fa ilà sára oje, dídán rẹ̀ yóò sì lọ. Fọ̀ náà kò yẹ. Ó ń pe omi púpọ̀, igi abẹ́ rẹ̀ sì lè fà á mu.

Àpẹẹrẹ: Fi aṣọ rírọ̀ tí a rẹ sínú omi ọṣẹ lílọ́wọ́ọ́wọ́ nù ún, kí o sì fi aṣọ gbígbẹ nu omi rẹ̀ kúrò. Má ṣe gbé ìkòkò gbígbóná lé e.