Erédò Sùngbọ́: Yàrà Tó Yí Ilẹ̀ Ìjẹ̀bú Ká

Ẹni tó bá wọ ọkọ̀ Ìjẹ̀bú-Òde ní Òṣòdì, ì báà gba Ṣágámù, ì báà gba Ẹ̀pẹ́, yóò kọjá lórí iṣẹ́ ńlá kan tí àwọn baba ńlá Ìjẹ̀bú fi ọwọ́ gbẹ́. Ọ̀pọ̀ èrò Òṣòdì àti Ìsọlọ̀ tó ń lọ ṣọdún nílé kò mọ̀ pé àwọn ti ré e kọjá, nítorí ọ̀dà ti bo ibi tí títì gbà, igbó sì ti bo ìyókù. Erédò Sùngbọ́ ni iṣẹ́ náà: yàrà jíjìn pẹ̀lú odi erùpẹ̀ lẹ́gbẹ̀ẹ́ rẹ̀, tó yí ilẹ̀ Ìjẹ̀bú àtijọ́ po. Gígùn rẹ̀ lé ní 160 kìlómítà. Ilẹ̀ tó yí ká tó 40 kìlómítà láti àríwá dé gúúsù, ó sì tó 35 láti ìlà-oòrùn dé ìwọ̀-oòrùn. Èyí tó pọ̀ jù wà ní Ìpínlẹ̀ Ògùn, apá kan sì bọ́ sí Ìpínlẹ̀ Èkó lágbègbè Ẹ̀pẹ́, níbi tí ìlú tó ń jẹ́ Erédò ti gba orúkọ rẹ̀.

Ilẹ̀ yangí ni wọ́n gbẹ́ ẹ sí. Erùpẹ̀ tí wọ́n wà jáde ni wọ́n kó jọ sí apá inú, òun ló di odi. Láwọn ibòmíràn, láti ìsàlẹ̀ yàrà dé orí odi tó 20 mítà, ògiri yàrà náà sì dán, ó dúró ṣánṣán títí di òní olónìí. Níbòmíràn ẹ̀wẹ̀, kò jìn tó bẹ́ẹ̀. Patrick Darling, awalẹ̀pìtàn ará Ìlú Ọba láti Yunifásítì Bournemouth, fi ẹsẹ̀ tọ ọ̀nà rẹ̀ nínú igbó ní àwọn ọdún 1990, ó sì ṣírò rẹ̀ pé erùpẹ̀ tí wọ́n kó tó mílíọ̀nù 3.5 kúbíìkì mítà. Ìyẹn ju ìwọ̀n òkúta tó wà nínú pírámíìdì tó tóbi jù ní Íjíbítì lọ.

Ẹ jẹ́ ká fi ojú oníṣẹ́ wò ó. Bí ẹnì kan bá wa kúbíìkì mítà kan lójúmọ́, tó sì rù ú gun orí odi, ẹgbẹ̀rún ènìyàn yóò fi 3,500 ọjọ́ ṣe é. Bí ọdún mẹ́wàá nìyẹn, láìsí ọjọ́ ìsinmi, láìsí òjò, láìsí ìgbà ìkórè. Nígbà náà kò sí katakátá, bẹ́ẹ̀ ni kò sí típà. Ọkọ́, àdá, agbọ̀n àti orí ènìyàn ni. Ẹnì kan ní láti máa bọ́ wọn, ẹnì kan ní láti pín iṣẹ́ fún wọn, ẹnì kan ní láti mọ ibi tí yàrà yóò gbà kí ọ̀wọ́ tó ń bọ̀ láti ìhà kan lè pàdé ọ̀wọ́ ìhà kejì. Fún èmi, èyí nìkan ti tó láti fi mọ̀ pé ìjọba tó fìdí múlẹ̀ wà ní Ìjẹ̀bú kí àwọn òyìnbó tó fojú kan etíkun wa.

Ìtàn àtẹnudẹ́nu fi iṣẹ́ náà sọrí obìnrin kan, Bílíkísù Sùngbọ́, ọlọ́rọ̀ tí kò bímọ, tó fẹ́ kí nǹkan kan dúró tí ayé yóò fi máa rántí òun. Òkè-Ẹ̀rì nítòsí Ìjẹ̀bú-Òde ni wọ́n ní wọ́n sin ín sí, àti Mùsùlùmí àti Kìrìsìtẹ́nì sì ń lọ ṣàbẹ̀wò síbẹ̀ lọ́dọọdún. Ọ̀pọ̀ gbà gbọ́ pé òun gan-an ni Ayaba Ṣébà tó lọ dán ọgbọ́n Sólómọ́nì wò. Ọjọ́ orí wọn kò bára mu. Ó ti tó ẹgbẹ̀rún mẹ́ta ọdún tí Sólómọ́nì ti jọba, Erédò kò sì súnmọ́ iye ọdún bẹ́ẹ̀ rárá. Kùránì fúnra rẹ̀ sọ ìtàn ayaba náà nínú Súrà Náml láìdárúkọ rẹ̀. Àwọn olùtumọ̀ ló pè é ní Bílíkísù. Mo bọ̀wọ̀ fún ibojì Òkè-Ẹ̀rì àti fún àwọn tó ń gbàdúrà níbẹ̀. Mo sì gbà pé obìnrin alágbára kan lè wà nídìí iṣẹ́ yìí, nítorí obìnrin ọlọ́lá kò ṣàjèjì nílẹ̀ wa. Ṣùgbọ́n nígbàkigbà tí a bá fi Erédò lé ayaba ilẹ̀ òkèèrè lọ́wọ́, à ń gba iṣẹ́ náà lọ́wọ́ àwọn ọmọ Ìjẹ̀bú tó wa erùpẹ̀ rẹ̀.

Ní ti ọjọ́ orí rẹ̀, Duarte Pacheco Pereira, atukọ̀ ará Pọtogí, kọ ìwé kan láàárín 1505 sí 1508, níbi tó ti mẹ́nu kan ìlú ńlá kan tó pè ní Geebuu, tí yàrà ńlá yí ká. Ó pe ọba ibẹ̀ ní Agusale. Ẹni tó bá gbọ́ Yorùbá mọ̀ pé Awùjalẹ̀ ló ń gbìyànjú láti pè. Ó ní ẹrú àti eyín erin ni wọ́n ń tà níbẹ̀, ẹ̀gbà idẹ ni wọ́n sì fi ń ra ẹrú. Yálà Erédò ló ní lọ́kàn tàbí yàrà Ìjẹ̀bú-Òde nìkan, òkìkí yàrà Ìjẹ̀bú ti dé etí àlejò nígbà náà. Ní 1959, P. C. Lloyd kọ̀wé lórí Erédò nínú ìwé àtìgbàdégbà Odù. Darling ní tirẹ̀ rò pé ó ti tó ẹgbẹ̀rún ọdún. Lẹ́yìn náà ni Olanrewaju Lasisi àti David Aremu gbé èsì ìwalẹ̀ jáde ní 2016, tó fi iṣẹ́ náà sí bí ìparí ọgọ́rùn-ún ọdún kẹrìnlá sí ìbẹ̀rẹ̀ ìkẹẹ̀ẹ́dógún. Ọ̀dọ̀ wọn ni mo fara mọ́, nítorí inú ilẹ̀ ni ẹ̀rí wọn ti wá. Bó bá rí bẹ́ẹ̀, ìgbà tí ògo Ilé-Ifẹ̀ ń rẹ̀yìn gan-an ni Ìjẹ̀bú ń fa ààlà tirẹ̀.

Kí ni wọ́n wá gbẹ́ ẹ fún? Ẹni tó bá ní ogun ni, kò jẹ̀bi. Ilẹ̀ Yorùbá mọ odi ogun dáadáa. Inú odi Abẹ́òkúta ni àwọn Ẹ̀gbá wà nígbà tí Dàhọ̀mì kọlù wọ́n ní 1851 àti ní 1864. Kétu náà ní yàrà àti odi, Àkàbà Ìdènà tó jẹ́ ẹnu ọ̀nà rẹ̀ sì wà ní Orílẹ̀-èdè Bẹ̀nẹ̀ títí dòní, bó tilẹ̀ jẹ́ pé Dàhọ̀mì kó ìlú náà ní 1886. Ṣùgbọ́n ìlú kan ṣoṣo ni irú odi bẹ́ẹ̀ máa ń yí ká. Bí ọ̀tá bá yọ, àwọn ọmọ ogun lè sáré láti bodè kan dé èkejì. Ilẹ̀ odidi ni Erédò yí ká ní tirẹ̀, pẹ̀lú igbó rẹ̀, oko rẹ̀, odò rẹ̀ àti àwọn abúlé rẹ̀. Bí a bá fi ẹ̀ṣọ́ kan sí gbogbo mítà mẹ́wàá, ẹgbẹ̀rún mẹ́rìndínlógún ènìyàn ni yóò máa ṣọ́ ọ tọ̀sán tòru. Ta ni yóò wá ro oko?

Èrò tèmi ni pé ọ̀nà ni Erédò ń ṣọ́. Alárù tó ru ẹrù wúwo kò lè sọ̀ kalẹ̀ sínú yàrà bẹ́ẹ̀, kó tún gun òdìkejì. Ẹni tó ń da ẹran kò lè gba ibẹ̀. Gbogbo wọn ní láti wá ẹnu bodè lọ, níbi tí oníbodè yóò ti bi wọ́n léèrè ibi tí wọ́n ti ń bọ̀, kó sì gba owó bodè. Àárín ọ̀sà àti ìlú òkè ni Ìjẹ̀bú wà: iyọ̀ àti ọjà etíkun ń gòkè, aṣọ àti eyín erin ń sọ̀ kalẹ̀, ọrọ̀ Ìjẹ̀bú sì wà lórí ọ̀nà yẹn. Kí a má sì gbàgbé ìdajì ọ̀rọ̀ tó korò: yàrà tó ń dá ará ìta dúró ń dá ẹni inú dúró pẹ̀lú. Ẹrú tó sá lóru kò ní ọ̀nà mìíràn ju bodè lọ. Ẹnu bodè kì í sì í ṣe ibi yẹpẹrẹ nílẹ̀ Yorùbá. Ibẹ̀ ni Èṣù ń jókòó sí, ibẹ̀ ni ẹbọ ń lọ. Owó, àṣẹ ọba àti ẹ̀sìn, ojú kan náà ni wọ́n ti ń pàdé.

Irú àríyànjiyàn yìí wà ní Ìlú Ọba náà. Láàárín 757 sí 796, Offa jọba ní Mercia, òun ni wọ́n sì ní ó gbẹ́ yàrà àti odi erùpẹ̀ tó lọ lẹ́bàá ààlà Wales. Asser, àlùfáà kan tó kọ̀wé ní bí 893, sọ pé ó lọ láti òkun dé òkun. Ìhà Wales ni yàrà rẹ̀ kọjú sí. Títí di ìsinsìnyí, àwọn onímọ̀ ṣì ń jiyàn bóyá ogun ni, bóyá ààlà lásán ni, bóyá láti dá àwọn tó ń jí màlúù dúró ni. Ohun tó wù mí níbẹ̀ ni ìtọ́jú. Láti 1971 ni wọ́n ti la ojú ọ̀nà ẹlẹ́sẹ̀ síbẹ̀, tó gùn tó 285 kìlómítà, àwọn ọmọ ilé ìwé sì ń rìn ín.

Ìtàn Èkó fi hàn bí àṣẹ Awùjalẹ̀ ṣe le lórí àlejò. Nígbà tí àwọn Gẹ̀ẹ́sì yìnbọn lu Èkó lóṣù Kejìlá 1851, Kòsọ́kọ́ ọba Èkó sá lọ sí Ẹ̀pẹ́ pẹ̀lú Òṣòdì Tápà, ògbójú balógun rẹ̀, tí ọ̀pọ̀ ènìyàn so orúkọ Òṣòdì òde òní mọ́. Awùjalẹ̀ gbà wọ́n láyè. Ẹ̀pẹ́ létí ọ̀sà, ní gúúsù Erédò, ni wọ́n gbé títí di 1862. Ìjẹ̀bú kò dẹ́kun títi ọ̀nà mọ́ àjèjì àti oníṣòwò Èkó, òun ló sì fà á tí ìjọba Gẹ̀ẹ́sì fi kó ogun jà wọ́n ní oṣù Karùn-ún 1892. Láti Ẹ̀pẹ́ ni ogun náà ti gòkè. Ìjẹ̀bú dúró dè wọ́n ní Ìmàgbọn, ṣùgbọ́n ìbọn Maxim kì í ṣe ohun tí a ń fi yàrà dá dúró.

Láti 1995 ni orúkọ Erédò ti wà pẹ̀lú yàrà Bìní tí wọ́n ń pè ní Iya lórí ìwé àwọn ibi tí Nàìjíríà fẹ́ kí UNESCO gbà sí ogún gbogbo ayé. Sukur wọlé ní 1999, Igbó Ọ̀ṣun Òṣogbo wọlé ní 2005. Erédò ṣì wà níta. Èkó ń fẹ̀ lọ sí Ẹ̀pẹ́ báyìí, ilẹ̀ sì ń di owó. Yàrà tí igbó bò máa ń jọ kòtò àgbàrá lójú ẹni tí kò mọ̀ ọ́n, wọ́n á sì dí i kí wọ́n tó ṣe fáńdéṣọ̀n. Kí àwọn ìjọba ìpínlẹ̀ méjèèjì fi ojú ọ̀nà Erédò hàn lórí máàpù gbogbo ilẹ̀ tí wọ́n bá ń tà tàbí tí wọ́n ń buwọ́ lù, kí wọ́n sì ri òpó síbi tó bá gbà. Ará Ìsọlọ̀ tó ń ra ilẹ̀ sí ọ̀nà Ẹ̀pẹ́ náà lè bi sàfíyọ̀ rẹ̀ léèrè kó tó sanwó.