Ẹnu Ọ̀nà Ilé Ìwòsàn: Ìtọ́jú Ọ̀fẹ́ ní Bírítéènì àti Adójútòfò Aládàáni ní Amẹ́ríkà

Ìfáárà

Nígbà tí a bá ń fi ètò ìlera Bírítéènì wé ti Amẹ́ríkà, ohun tí a sábà máa ń gbọ́ ni pé ìwà àwọn ènìyàn ibẹ̀ ló yàtọ̀: pé ará Bírítéènì gbára lé ìjọba, pé ará Amẹ́ríkà kò sì fẹ́ kí ìjọba dá sí ọ̀rọ̀ òun. Ìtàn kò ti èrò yìí lẹ́yìn. Ogun kan náà, Ogun Àgbáyé Kejì, ló ti orílẹ̀-èdè méjèèjì sí ojú ọ̀nà ọ̀tọ̀ọ̀tọ̀. Bẹ́ẹ̀ ni ìyàtọ̀ tó jinlẹ̀ jù láàárín wọn kì í ṣe ti ọ̀fẹ́ àti owó, nítorí kò sí ìtọ́jú tí ẹnì kan kò sanwó rẹ̀ níbì kan. Ohun tó fún aláìsàn lẹ́tọ̀ọ́ láti wọlé ni ìyàtọ̀ náà: ṣé nítorí pé ó jẹ́ ara ìlú ni, tàbí nítorí iṣẹ́ tó wà lọ́wọ́ rẹ̀?

Bírítéènì: láti ẹnu ọ̀nà iṣẹ́ sí ẹnu ọ̀nà ìlú

Ẹnu ọ̀nà iṣẹ́ ni Bírítéènì pàápàá ti bẹ̀rẹ̀. Òfin adójútòfò ọdún 1911, tí David Lloyd George ṣe agbátẹrù rẹ̀, jẹ́ kí òṣìṣẹ́ tí owó rẹ̀ kò pọ̀ rí dókítà, ṣùgbọ́n kò dé ọ̀dọ̀ ìyàwó ilé àti àwọn ọmọ. Àwọn ilé ìwòsàn wà lọ́wọ́ ẹgbẹ́ aláàánú àti ìjọba ìbílẹ̀. Nígbà tí ogun bẹ́ sílẹ̀ ní ọdún 1939, tí ìjọba ń retí pé bọ́ǹbù yóò ṣe ọ̀pọ̀lọpọ̀ ènìyàn léṣe, ó kó wọn sábẹ́ ètò pàjáwìrì kan ṣoṣo, ó sì ń sanwó fún wọn. Báyìí ni ogun ṣe fi hàn pé ohun tí wọ́n ti ń jiyàn lé lórí fún ọdún pípẹ́ ṣeé ṣe.

Ìròyìn William Beveridge jáde ní oṣù Kejìlá ọdún 1942, òfin tẹ̀ lé e ní 1946, ètò NHS sì bẹ̀rẹ̀ ní ọjọ́ 5, oṣù Keje, ọdún 1948. Owó orí ló ń gbé e ró jù. Ẹgbẹ́ àwọn dókítà tako ó gidigidi, àfi ìgbà tí mínísítà ìlera, Aneurin Bevan, gbà kí àwọn dókítà àgbà ṣì máa tọ́jú aláìsàn tó ń sanwó lápò ara rẹ̀. Ọ̀fẹ́ náà kò pẹ́ kó tó ní ààlà: ní 1951 ìjọba bu owó lé eyín àtọwọ́dá àti awò ojú, Bevan sì fi ipò sílẹ̀, ní 1952 wọ́n bu ṣílè kan lé ìwé oògùn.

Ọwọ́ ọmọ Yorùbá wà níbẹ̀ láti ìbẹ̀rẹ̀. Kòfowórọlá Àbẹ̀ní Pratt, ọmọ Èkó, kọ́ṣẹ́ nọ́ọ̀sì ní St Thomas' ní Lọ́ńdọ̀nù, ó sì wà lára àwọn nọ́ọ̀sì aláwọ̀ dúdú àkọ́kọ́ nínú ètò tuntun náà. Nígbà tó padà sílé, òun ló di mátíróònù ọmọ Nàìjíríà àkọ́kọ́ ní UCH Ìbàdàn.

Amẹ́ríkà: bí iṣẹ́ ṣe di ẹnu ọ̀nà

Ní ọdún 1929, ilé ìwòsàn Yunifásítì Baylor ní Dallas bá àwọn olùkọ́ ṣe àdéhùn: sẹ́ǹtì 50 lóṣù, wọn yóò sì rí ìtọ́jú ọjọ́ 21 gbà bí àìsàn bá dá wọn dùbúlẹ̀. Ẹni tó mọ èésú yóò tètè lóye rẹ̀: ọ̀pọ̀ ènìyàn dá owó kékeré jọ, ẹni tí àìsàn kàn ló kó o. Láti inú rẹ̀ ni Blue Cross ti hù.

Ogun ló sọ ètò kékeré yìí di òpó ilé. Ní 1942, ìjọba fi òfin dá owó oṣù dúró kí ọjà má baà gbówó lórí, ṣùgbọ́n òfin náà kò kan adójútòfò. Iléeṣẹ́ tó ń wá òṣìṣẹ́ lójú méjèèjì, tí kò sì lè fi owó kún owó oṣù, fi adójútòfò fà wọ́n. Nígbà tí òfin owó orí ọdún 1954 fi ìdí rẹ̀ múlẹ̀ pé a kò ní gba orí lórí ohun tí agbanisíṣẹ́ bá san sí i, ètò náà ta gbòǹgbò. Ààrẹ Harry Truman ti dábàá adójútòfò gbogbo ìlú ní oṣù Kọkànlá ọdún 1945, ṣùgbọ́n ẹgbẹ́ dókítà ilẹ̀ náà gbógun tì í títí ó fi kú.

Àwọn tó kù sẹ́yìn ni arúgbó tí kò ṣiṣẹ́ mọ́ àti tálákà. Medicare àti Medicaid ọdún 1965 ṣílẹ̀kùn fún púpọ̀ nínú wọn, òfin ọdún 2010 sì fẹ ilẹ̀kùn náà sí i. Síbẹ̀, ó lé ní mílíọ̀nù 25 ènìyàn tí kò ní adójútòfò kankan ní 2023.

Ìfiwéra

Amẹ́ríkà ń ná nǹkan bí ìdá 17 nínú ọgọ́rùn-ún ọrọ̀ ajé rẹ̀ sórí ìlera, Bírítéènì ń ná nǹkan bí 11. Ní Amẹ́ríkà, gbèsè ni ìyà aláìsàn. Ẹni tí iṣẹ́ bọ́ lọ́wọ́ rẹ̀ lè pàdánù dókítà rẹ̀ pẹ̀lú. Ní Bírítéènì, ìdúró ni: orúkọ tó wà lórí ìwé ìdúródeni ní England lé ní mílíọ̀nù 7 ní 2023. Ẹnu ọ̀nà ìlú náà sì ní aṣọ́nà. Láti 2015, ọ̀pọ̀ àjèjì tó bá gba físà ọlọ́jọ́ gígùn ń san owó ìlera ọdọọdún, tó di £1,035 fún àgbàlagbà ní 2024, yàtọ̀ sí owó orí tí wọ́n ń san lẹ́nu iṣẹ́. Ní 2020 ni a yọ àwọn tó ní físà òṣìṣẹ́ ìlera kúrò.

Ọ̀rọ̀ yìí kan ilé pẹ̀lú. Ní 1979, ẹgbẹ́ UPN ti Olóyè Ọbáfẹ́mi Awólọ́wọ̀ fi ìtọ́jú ọ̀fẹ́ ṣe ọ̀kan nínú òpó mẹ́rin ètò rẹ̀. Ìjọba ológun gba ipò ní ìparí 1983. Ètò adójútòfò tí òfin 1999 dá sílẹ̀ gba ẹnu ọ̀nà iṣẹ́ wọlé: òṣìṣẹ́ ìjọba àpapọ̀ ló kọ́kọ́ jàǹfààní rẹ̀ ní 2005, ní ilẹ̀ tó jẹ́ pé inú ọjà, oko àti ṣọ́ọ̀bù ni ọ̀pọ̀ ènìyàn ti ń jẹun. Òfin ọdún 2022 sọ ọ́ di dandan fún gbogbo ènìyàn, ṣùgbọ́n ìyá oníṣòwò kò ní agbanisíṣẹ́ tí yóò máa yọ owó náà fún un.

Àgbálọgbábọ̀

Ìpinnu ogun tó wà fún ìgbà díẹ̀ ló di àṣà tí àwọn ènìyàn ń pè ní ìwà ara wọn. Ohun tí ènìyàn bá fi ìpinnu gbé kalẹ̀, ìpinnu lè tún un ṣe. Nítorí náà, kí a tó béèrè iye tí ètò ìlera kan yóò ná wa, ó yẹ kí a kọ́kọ́ béèrè ẹni tí ẹnu ọ̀nà rẹ̀ yóò sé mọ́ta.