Iṣẹ́ Obìnrin Nínú Ìwé Ìṣirò: Láti Ọjà Eréko Dé Mile 2

Ọ̀rọ̀ tí a mú wá lónìí kì í ṣe ti ajílẹ̀ tàbí ti oògùn kòkòrò. Ọ̀rọ̀ ìṣirò ni: báwo ni ìjọba ṣe ń ka àwọn tó ń ṣiṣẹ́, kí ló sì dé tí iṣẹ́ àwọn obìnrin wa fi máa ń bọ́ sílẹ̀ nínú ìwé náà? Ẹ má ṣe sọ pé kò kàn yín. Ẹni tí kò sí nínú ìwé, ó ṣòro kí wọ́n rántí rẹ̀ nígbà tí wọ́n bá ń pín owó ìrànwọ́.

Ẹ jẹ́ kí a kọ́kọ́ dúró ní Mile 2, ní ìjọba ìbílẹ̀ Amúwo-Ọ̀dọ̀fin, létí títì tó ti Èkó lọ sí Badagry. Àwọn àlejò àjọ̀dún àṣà àwọn ènìyàn dúdú ti ọdún 1977 ni ìjọba kọ́ Festac Town fún. Lẹ́yìn wọn ni àwọn ará ìlú kó wọlé. Èrò pọ̀ ní ibùdókọ̀ Mile 2 láti ìgbà náà, ọkọ̀ ojú irin sì ti ń gbé èrò níbẹ̀ láti ọjọ́ 4 oṣù kẹsàn-án 2023. Níbi tí èrò bá pọ̀ sí, àwọn obìnrin ni yóò bọ́ wọn. Púpọ̀ nínú gàrí, ẹja yíyan àti àgbàdo tí wọ́n ń tà, oko ni ó ti wá.

Bi ọ̀kan nínú wọn pé, “Ṣé ẹ ń ṣiṣẹ́, mà?” Ó lè dá ọ lóhùn pé, “Rárá o, mo kàn ń tajà ni.” Kò parọ́. Lẹ́nu wa, ẹni tó ń gba owó oṣù ni a máa ń sọ pé ó ń ṣiṣẹ́. Òwò ni tàwọn yòókù. Bákan náà ló rí lóko. Ẹni tó bá ń ṣe irú iṣẹ́ tèmi yìí mọ̀ ọ́n dáadáa: béèrè lọ́wọ́ baálé pé ta ló ń dáko, yóò ní, “Èmi nìkan ni.” Ìyàwó rẹ̀ sì wà lẹ́yìn ilé tó ń bó ẹ̀gẹ́, tí yóò rin ín, tí yóò fún un, tí yóò sì dín in ní gàrí.

Ṣùgbọ́n ọ̀rọ̀ ẹnu nìkan kọ́. Ẹ̀rù wà níbẹ̀, ẹ̀rù náà sì ní ìtàn. Ní 1926, ìjọba gẹ̀ẹ́sì ka àwọn ọkùnrin ilẹ̀ Ìgbò, wọ́n ní kì í ṣe ti owó orí. Ní 1928, owó orí dé. Nígbà tí wọ́n tún bẹ̀rẹ̀ sí ka obìnrin àti ẹran ọ̀sìn ní Oloko ní 1929, àwọn obìnrin kò dúró gbọ́ àlàyé mọ́. Ìjà náà ràn káàkiri, ìbọn ìjọba sì pa obìnrin tó lé ní 50.

Ó dé Èkó náà. Ní 1940, nígbà ogun Hitler, òfin jáde pé obìnrin tó bá ń rí ju pọ́n-ùn 50 lọ lọ́dún yóò san owó orí. Báwo ni wọ́n ṣe fẹ́ mọ iye tí ẹlẹ́ja ń rí? Kò sí ìwé owó oṣù lọ́wọ́ rẹ̀. Lánàá ó jèrè, lónìí ẹja bà jẹ́. Alimotu Pelewura, ẹlẹ́ja tí kò kàwé, tó jẹ́ olórí àwọn obìnrin ọjà Eréko, ló ṣáájú wọn lọ bá ìjọba ní oṣù kejìlá ọdún náà. Nígbà yẹn obìnrin Èkó kò tíì ní ẹ̀tọ́ ìdìbò. Ìjọba gbé ààlà náà sókè sí pọ́n-ùn 100, lẹ́yìn náà sí 200, bẹ́ẹ̀ ni púpọ̀ nínú wọn ṣe bọ́. Lójú tèmi, ohun tí wọ́n ṣe tọ́. Àmọ́ ó kù sí wa lára títí di òní pé bí ẹni tó mú bírò àti ìwé bá béèrè iye tí o ń pa, ṣe ni kí o dín in kù.

Ẹni tó fún irú iṣẹ́ yìí lórúkọ láàárín àwọn ọ̀mọ̀wé, ìtòsí wa níhìn-ín ló ti rí i. Keith Hart, ará Gẹ̀ẹ́sì, gbé ní Nima ní Accra láàárín àwọn ọdún 1960. Ó rí i pé àwọn tí ìwé ìjọba pè ní aláìníṣẹ́ kì í jókòó. Ní 1971 ó sọ ọ́ níbi ìpàdé kan ní England, ó sì pe iṣẹ́ wọn ní informal, ìyẹn iṣẹ́ tí kò sí lábẹ́ ìwé ìjọba. (Àwọn ìyá ìyá wa ti ń ṣe é kí ó tó lórúkọ.) Ní 1993, àwọn onímọ̀ ìṣirò iṣẹ́ lágbàáyé fẹnu kò lórí bí a ó ṣe máa kà á. Ní 2003 wọ́n tún un ṣe, tí ìyàwó tó ń bá ọkọ rẹ̀ ṣòwò láìgba kọ́bọ̀ náà fi wọlé sínú rẹ̀.

Ní Nàìjíríà, ẹ wo bí òṣùwọ̀n ṣe ń yí padà. Títí di 2020, ẹni tí iṣẹ́ rẹ̀ kò tó wákàtí 20 lọ́sẹ̀, aláìníṣẹ́ ni Àjọ Ìṣirò Orílẹ̀-èdè, NBS, ń kà á sí. Ní ìparí ọdún náà, àìríṣẹ́ṣe jẹ́ ìdá 33.3 nínú ọgọ́rùn-ún. Ní oṣù kẹjọ 2023, wọ́n gbé òṣùwọ̀n tuntun jáde: wákàtí kan ṣoṣo lọ́sẹ̀ ti tó. Àìríṣẹ́ṣe já wálẹ̀ sí ìdá 4.1. Iyaa oníbúrẹ́dì tó ń fi wákàtí 15 tajà ní Mile 2 di òṣìṣẹ́, orí àtẹ kan náà, èrè kan náà. Ìwé yẹn kan náà ló sọ pé ìdá 92.6 àwọn tó ń ṣiṣẹ́ ló wà nínú iṣẹ́ tí kò sí lábẹ́ ìwé ìjọba.

Ibi tó kan àgbẹ̀ jù nìyí. Láti 2013, òfin ìṣirò àgbáyé ti ya iṣẹ́ owó sọ́tọ̀ kúrò lára iṣẹ́ jíjẹ ilé, NBS sì ń tẹ̀ lé e báyìí. Bí púpọ̀ ohun tí obìnrin gbìn bá jẹ́ fún jíjẹ ilé rẹ̀, wọn kì í kà á mọ́ àwọn tó níṣẹ́ lọ́wọ́, bó tilẹ̀ ń lo wákàtí 50 lóko lọ́sẹ̀. Ẹni tó ta omi fún wákàtí kan ní ibùdókọ̀ wà nínú ìwé. Ìdí wà tí wọ́n fi ṣe é, kí ebi àgbẹ̀ má baà fara pamọ́ sábẹ́ orúkọ iṣẹ́, ṣùgbọ́n àwọn obìnrin oko wa ló ń jìyà rẹ̀.

Nítorí náà, ẹ̀yin akọ̀wé ẹgbẹ́, ẹ kọ iṣẹ́ ìyàwó sọ́tọ̀ sí ti ọkọ nínú ìwé yín: àpò gàrí mélòó, ọjọ́ mélòó, èló ni wọ́n tà á. Bí òṣìṣẹ́ NBS bá sì kanlẹ̀kùn, kí baálé pe ìyàwó rẹ̀ jáde láti fi ẹnu ara rẹ̀ dáhùn. Wọn yóò bi í bóyá ó ṣe iṣẹ́ kankan fún owó tàbí èrè ní ọjọ́ méje tó kọjá, bó tilẹ̀ jẹ́ wákàtí kan. Wọn yóò bi í bóyá títà ni púpọ̀ nínú ire oko rẹ̀ tàbí jíjẹ. Bí ó bá dín àpò mẹ́ta, tí méjì lọ sí Mile 2, títà ni kí ó sọ.