Aṣọ Ìbora Ayé: Bí Àwọn Onímọ̀ Ṣe Mọ Ìṣirò Ooru Ilẹ̀ àti Òfuurufú

Ní àsìkò ọyẹ́, gbogbo àwa tí a dàgbà ní Kétu àti Ṣábẹ̀ẹ́ ni a mọ bí ó ti ń rí. Oòrùn a máa pani ní ọ̀sán, ṣùgbọ́n kí àkùkọ tó kọ, olúkúlùkù ti ń wá aṣọ tí ó nípọn fà bora. Ní àsìkò òjò ẹ̀wẹ̀, oòrùn lè má ràn tó bẹ́ẹ̀, síbẹ̀ òru a máa móoru. Oòrùn kan náà ni, ilẹ̀ kan náà sì ni. Kí ni ó wá fa ìyàtọ̀? Ìbéèrè yìí gba àwọn onímọ̀ ní ọ̀pọ̀ ọdún, ìdáhùn rẹ̀ sì kan ọ̀ràn tí gbogbo ayé ń jiyàn lé lórí lónìí.

Joseph Fourier, ọmọ aránṣọ kan ní ìlú Auxerre ní ilẹ̀ Faransé, gbé ìbéèrè náà kalẹ̀ ní ọdún 1824. Ó ṣàlàyé pé ooru tí ayé ń gbà lọ́wọ́ oòrùn kò lè máa kó jọ láìlópin; ayé ní láti dá a padà. Ṣùgbọ́n ooru tí ó bá ìmọ́lẹ̀ wá a máa la afẹ́fẹ́ kọjá wọ́ọ́rọ́wọ́, nígbà tí èyí tí ilẹ̀ ń dá padà, tí kò ní ìmọ́lẹ̀, kì í tètè rí ọ̀nà jáde. A lè fi afẹ́fẹ́ wé aṣọ tí ayé fi bora. Fourier kò sọ ohun tí ó wà nínú afẹ́fẹ́ tí ń ṣe iṣẹ́ náà.

Eunice Foote, obìnrin ará Amẹ́ríkà, ni ó kọ́kọ́ fi ìdánwò tọ́ka sí i ní 1856. Ó kó oríṣiríṣi gáàsì sínú ìgò, ó fi òṣùwọ̀n ooru sí wọn nínú, ó sì gbé wọn sínú oòrùn. Èyí tí kábọ́ọ̀nù dàyọ́ksáìdì wà nínú rẹ̀ gbóná ju ìyókù lọ, ó sì pẹ́ kí ó tó tutù. Ọkùnrin kan ni ó bá a ka iṣẹ́ náà ní ìpàdé àwọn onímọ̀, orúkọ rẹ̀ sì fẹ́rẹ̀ẹ́ parẹ́ títí di ọ̀rúndún tiwa yìí.

Láti 1859, John Tyndall fi hàn ní London pé ọ́síjìn àti náítírójìn, tí wọ́n pọ̀ jù nínú afẹ́fẹ́, kì í dá ooru ilẹ̀ dúró. Ọ̀rinrin àti kábọ́ọ̀nù dàyọ́ksáìdì, tí wọn kò pọ̀, ni wọ́n ń mú un. Àlàyé òtútù ọyẹ́ wa nìyẹn: afẹ́fẹ́ aṣálẹ̀ gbẹ, kò sí ìkùukùu lókè, aṣọ ìbora fẹ́lẹ́, ooru ọ̀sán sì bá òru lọ. Bí aṣọ yìí kò bá sí rárá, ìwọ̀n ooru ayé ì bá wà ní nǹkan bí 18 sí ìsàlẹ̀ òdo ní ìwọ̀n Celsius, dípò 15 sí òkè òdo.

Ìbéèrè kejì ṣì kù: báwo ni òfuurufú ṣe rí lókè? Ẹni tí ó bá gun òkè mọ̀ pé bí a ti ń ga sí i ni òtútù ń pọ̀, wọ́n sì rò pé bẹ́ẹ̀ ni yóò máa rí lọ. Ní 1896, Léon Teisserenc de Bort kọ́ ilé ìwádìí sí Trappes, nítòsí Versailles. Ó ń fi bálúùn tí kò sí ènìyàn nínú rẹ̀ gbé òṣùwọ̀n ooru lọ sókè. Bí wọ́n bá ti tó kìlómítà 11, òtútù kì í pọ̀ sí i mọ́. Ó fura sí èsì ara rẹ̀: bóyá oòrùn ni ó ń mú òṣùwọ̀n gbóná. Nítorí náà, ó rán bálúùn lọ ní òru. Èsì kò yí padà. Lẹ́yìn bálúùn 236, ó kéde rẹ̀ fún Académie des sciences ní Paris ní oṣù kẹrin ọdún 1902. Ó sọ ìpele ìsàlẹ̀, níbi tí òjò ti ń ṣú, ní troposphère, ó sì sọ ti òkè ní stratosphère.

Ní 1967, Syukuro Manabe àti Richard Wetherald fi kọ̀ǹpútà so ìbéèrè méjèèjì pọ̀. Wọ́n ṣírò pé bí kábọ́ọ̀nù dàyọ́ksáìdì bá pọ̀ sí i, ìsàlẹ̀ yóò gbóná, ṣùgbọ́n stratosphère yóò tutù. Bí ó bá jẹ́ pé oòrùn ni ó ń le sí i, ìpele méjèèjì ni ì bá gbóná. Bálúùn àti sátẹ́láìtì ti wọ̀n wọ́n láti ìgbà náà: ìsàlẹ̀ ń gbóná, òkè ń tutù. Gáàsì náà, tí ó jẹ́ nǹkan bí 280 nínú mílíọ̀nù kan kí àwọn ilé-iṣẹ́ ẹ̀rọ tó gbòde, ti kọjá 420.

Nítorí náà, nígbà tí ẹnikẹ́ni bá sọ fún wa pé oòrùn nìkan ni ó fa ìgbóná yìí, ẹ jẹ́ kí a rántí ẹlẹ́rìí tí ó wà lókè. Àwọn àgbẹ̀ wa kò kọ́ ilé-iṣẹ́ elédùú kankan, ṣùgbọ́n wọ́n wà lára àwọn tí yóò san gbèsè náà. Ó yẹ kí a lè fi èdè wa sọ ibi tí gbèsè ti wá. Ẹ̀yin akẹ́kọ̀ọ́, bí ẹ bá rí òṣùwọ̀n ooru kan, ẹ kọ ìwọ̀n ọ̀sán àti ti òru sílẹ̀ ní àsìkò ọyẹ́, kí ẹ tún ṣe bẹ́ẹ̀ ní àsìkò òjò. Ẹ ó rí aṣọ ìbora náà nínú ìwé ara yín.