Kí Ni Ká Pe Bóòtì Tó Kọ̀ Tí Kò Tú?

Jíìpù tòkunbọ̀ tó ṣẹ̀ṣẹ̀ gúnlẹ̀ sí Àpápá tàbí Kútọnu a máa dán gbinrin lójú. Wọ́n ti fọ̀ ọ́, wọ́n ti fi ọ̀dà tuntun bo ibi tó yẹ ní bíbò. Abẹ́ rẹ̀ ló ń tú àṣírí. Ní Kánádà, ní ìhà àríwá Amẹ́ríkà àti ní ọ̀pọ̀ ilẹ̀ Yúróòpù, iyọ̀ ni wọ́n ń fọ́n sójú títì nígbà òtútù kí yìnyín má baà dì síbẹ̀. Táyà a sì máa ta omi iyọ̀ náà sábẹ́ ọkọ̀ títí òtútù á fi kásẹ̀ nílẹ̀. Omi iyọ̀ ń mú kí irin dípẹtà kíákíá ju omi lásán lọ. Nígbà tí irú ọkọ̀ bẹ́ẹ̀ bá wá dé ọwọ́ mẹkáníìkì ní Ládípọ̀, ní Múṣin, tó fi sípánà sórí bóòtì, tí bóòtì kò mira, gbólóhùn kúkúrú kan ló máa bọ́ lẹ́nu rẹ̀: "Ó ti há."

Ibẹ̀ gan-an ló yẹ kí ẹni tó fẹ́ ṣẹ̀dá ọ̀rọ̀ fún iṣẹ́ àtúnṣe ọkọ̀ ti bẹ̀rẹ̀. Àwọn onímọ̀ èdè ti ṣe gudugudu méje lórí ọ̀rọ̀ ìperí. Ní 1984, Ayọ̀ Bámgbóṣé ṣe olóòtú ìwé Èdè-Ìperí Yorùbá apá kìíní. Ní 1990, Ọládélé Awóbùlúyì ṣe ti apá kejì. Èdè, lítíréṣọ̀ àti ọ̀nà ìkọ́ni ni apá kìíní dá lé, irú ọ̀rọ̀ bíi fóníìmù àti mọ́fíìmù sì ti mọ́ akẹ́kọ̀ọ́ lẹ́nu. Kò sẹ́ni tó rán wọn lọ sábẹ́ ọkọ̀.

Àwọn tó wà lábẹ́ ọkọ̀ náà kò jókòó de ìgbìmọ̀ onímọ̀ èdè. Tòkunbọ̀, orúkọ ọmọ tí a bí sókè òkun tí a gbé wá sílé, ni àwọn èèyàn mú sọ ọkọ̀ àlòkù tó ti ìlú òyìnbó dé. Ní oṣù kìíní ọdún 2020, ìwé atúmọ̀ èdè Gẹ̀ẹ́sì ti Oxford gba ọ̀rọ̀ náà wọlé, òun àti dáńfó.

Agbára èdè Yorùbá wà nínú ọ̀rọ̀-ìṣe. Ọ̀rọ̀ kan, "seized", ni Gẹ̀ẹ́sì sábà fi ń bo ohunkóhun tó yẹ kó mira tí kò mira mọ́. Yorùbá lè yà wọ́n sọ́tọ̀. Nǹkan a máa há nígbà tí ààyè bá kéré jù fún un, ohun tó ṣẹlẹ̀ sí bóòtì sì nìyẹn: ìpáàrà, ìyẹn ìpẹtà, ń gba ààyè ju irin tó ti jáde wá lọ, bó bá ti ń wú ló ń dí àlàfo fẹ́lẹ́fẹ́lẹ́ tó wà láàárín bóòtì àti nọ́ọ̀tì. Rímù tí a ti tú gbogbo nọ́ọ̀tì rẹ̀ tán, tí kò sì bọ́, kò há. Ó lẹ̀ mọ́ họ́ọ̀bù ni. Irin tó yẹ kó máa lọ kó máa bọ̀ nínú búrẹ́kì, tó wá dúró sójú kan, ti gan. Ẹ́ńjìnnì ní tirẹ̀ ti nọ́ọ̀kì, ọmọdé àdúgbò náà mọ èyí. Ìwòsàn wọn kò dọ́gba. Ohun tó há ń fẹ́ epo àti iná. Rímù tó lẹ̀ ń fẹ́ kí a fi pákó gbà á, kí a sì fi òòlù lù ú láti ẹ̀yìn. Ohun tó gan ń fẹ́ kí a fà á yọ, kí a ha á, kí a fi gíríìsì pa á. Bí akọ̀wé bá wá kó gbogbo wọn sábẹ́ orúkọ kan nítorí pé Gẹ̀ẹ́sì ṣe bẹ́ẹ̀, ó ti gba ohun èlò lọ́wọ́ mẹkáníìkì.

Ọ̀rọ̀-orúkọ ló ń mú ni kọsẹ̀. Ìlà tó yí ara bóòtì po, orúkọ tí Gẹ̀ẹ́sì ń pe òwú ìránṣọ náà ló ń pè é. Ẹni tó bá kọ "òwú bóòtì" sínú ìwé, télọ̀ ló ń bá sọ̀rọ̀. Ìlà-ìyípo sàn jù, nítorí ohun tí ojú rí ló sọ. "Ọkọ̀ ẹlẹ́sẹ̀ mẹ́rin" náà kò wúlò fún jíìpù, torí ẹsẹ̀ mẹ́rin náà ni takisí ní. Ohun tó ya jíìpù bíi Land Rover sọ́tọ̀ ni pé agbára ẹ́ńjìnnì rẹ̀ ń dé ọ̀dọ̀ táyà mẹ́rẹ̀ẹ̀rin. Ọkọ̀ afitáyà-mẹ́rin-fà sọ èyí yékéyéké, àmọ́ ó gùn. Kí ìwé lò ó lẹ́ẹ̀kan láti fi ṣàlàyé, kó sì máa pè é ní jíìpù lọ.

Land Rover tí wọ́n kọ́kọ́ fi han aráyé ní Amsterdam ní 1948 tún dá ìṣòro mìíràn sílẹ̀. Ara rẹ̀ jẹ́ álúmíníọ̀mù, férémù abẹ́ rẹ̀ sì jẹ́ irin. Yorùbá kò ṣàìní ọ̀rọ̀ fún ti irin: ó ń dípẹtà, ó ń dógùn-ún, Bíbélì Mímọ́ sì pè é ní ìpáàrà nínú Mátíù orí kẹfà. Ṣùgbọ́n álúmíníọ̀mù kì í dípẹtà. Bí ó bá fara kan irin níbi tí omi iyọ̀ wà, òun ni iyọ̀ náà ń jẹ jù, ìyẹ̀fun funfun ló sì ń yọ lára rẹ̀. Ìjẹrà lè dúró fún ti mẹ́táàlì gbogbo, kí ìpáàrà jẹ́ ti irin nìkan.

Epo tí wọ́n ń fín sí bóòtì kò ní orúkọ ju èyí tí ilé iṣẹ́ tó ṣe é fún un. WD-40, ọ̀kan nínú irú epo bẹ́ẹ̀ tí wọ́n ṣe ní San Diego ní 1953, lílé omi kúrò lára irin ni iṣẹ́ rẹ̀ àkọ́kọ́. Epo awọnú yóò bá gbogbo irú rẹ̀ mu: epo tó ṣàn débi pé ó lè wọ àlàfo tí epo ẹ́ńjìnnì kò lè wọ̀.

Bí epo bá kùnà, iná ló kù. Irin tó bá gbóná a máa fẹ̀. Nọ́ọ̀tì tí ihò rẹ̀ jẹ́ mìlímítà 12, bí ooru rẹ̀ bá fi ìwọ̀n Sẹ́lísíọ́ọ̀sì 300 lé sí i, ihò náà á fẹ̀ ní nǹkan bíi mìlímítà 0.04. Ó kéré lójú, ṣùgbọ́n ó lè tó láti fọ́ ìpáàrà tó dì í mú. Nọ́ọ̀tì ni a ń yan, kì í ṣe bóòtì. Àgbẹ̀dẹ ti ní ọ̀rọ̀ fún iṣẹ́ yìí tipẹ́: ẹmú fún ohun tí a fi ń di irin gbígbóná mú, òòlù fún ohun tí a fi ń lù ú. Bí ìjánu ẹṣin ṣe di ìjánu ọkọ̀ nínú ìwé, ẹmú lè di orúkọ pìláyà tó ń ti ara rẹ̀ pa.

Bí a bá kó wọn jọ, ìwé ìtọ́ni ọmọ iṣẹ́ lè kà báyìí: "Fi búrọ́ọ̀ṣì onírin ha ìpáàrà kúrò lára ìlà-ìyípo. Fín epo awọnú sí i, kí o jẹ́ kó rin mọ́jú. Lo sípánà tó bá orí bóòtì mu gẹ́lẹ́, torí èyí tó bá fẹ̀ jù á jẹ igun rẹ̀. Kọ́kọ́ dè é le díẹ̀ sí i kí o tó máa tú u. Bí ó bá yí, dá a padà, fín epo sí i, kí o tún tú u. Bí ó bá kọ̀, kó wáyà àti páìpù epo kúrò nítòsí, nu epo awọnú kúrò, kí o tó fi iná gáàsì yan nọ́ọ̀tì. Bí bóòtì bá kán, jó nọ́ọ̀tì tuntun mọ́ kùkùté rẹ̀, kí o fi sípánà yí i jáde."

Bóòtì, nọ́ọ̀tì, sípánà àti gáàsì ṣì jẹ́ àyálò nínú ìtọ́ni yìí, kò sì sídìí láti lé wọn, torí ọmọ iṣẹ́ ti gbọ́ wọn lẹ́nu ọ̀gá rẹ̀ láti ọjọ́ àkọ́kọ́. Kùkùté ni àríyànjiyàn lè pọ̀ lé lórí: àwọn kan lè ní igi ló ni ín. Kí irú ìwé bẹ́ẹ̀ tó lọ sí ilé ìtẹ̀wé, ó yẹ kó kọ́kọ́ dé ṣọ́ọ̀bù, kí ọmọ iṣẹ́ kan kà á sókè, kí ọ̀gá rẹ̀ sì máa dá a dúró níbi tí etí rẹ̀ bá ti kọ̀ ọ́.